Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Rin Igbó Dé Òkun

Ìwé owó kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ọlidé lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mú ìwé pélébé kan bọ̀ láti ilé-ìwé rẹ̀ níbí ní Àkúrẹ́. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé náà pé "Summer Lesson": ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Iye owó tí wọ́n bù lé e, n kò ní sọ. N kò sì ní dárúkọ ilé-ìwé náà, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é. Ẹ wọ àdúgbò tó bá wù yín ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó nínú oṣù kẹjọ, ẹ ó bá wọn nídìí ẹ̀.

Mo ka ìwé náà tán, mo bi ọmọ mi pé, "Kí ló ń jẹ́ summer?"

Ó ní, "Dádì, ìgbà tí oòrùn máa ń mú gan-an ni."

Òjò ń rọ̀ lóde bó ti ń sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ti gbé korobá mẹ́ta sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti kún.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ wa wọ́ sí? A yá orúkọ ìgbà oòrùn ilẹ̀ òyìnbó lò, a gbé e lé oṣù òjò tiwa lórí, a wá fi ti àwọn ọmọ mọ́ kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ àwọn òyìnbó tí a yá orúkọ náà lọ́wọ́ wọn kì í fi ìgbà náà ti ọmọ mọ́lé. Ìgbà náà gan-an ni wọ́n ń kó ọmọ wọn gba inú igbó lọ sí etí òkun, kí wọ́n lè mọ ẹyẹ, kí wọ́n mọ igi, kí wọ́n mọ ilẹ̀ tí a bí wọn sí. Bó bá jẹ́ pé a fẹ́ fara wé wọn ni, ẹ jẹ́ ká kúkú fara wé wọn dé ibi tó dára.

Èmi kò san owó náà. Mo sọ fún ìyá àwọn ọmọ mi pé èmi àti ọmọkùnrin yìí yóò gba inú igbó lọ wo òkun, òkun tiwa, nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá wa, ṣé ara yín yá ṣá?"

Lọ́jọ́ kejì, mo pe àwọn ọmọ tó wà nínú ọgbà ilé wa jọ. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, gbogbo wọn ló wà ní ilé-ìwé girama. Mo ní kí ẹni tó bá ti rí òkun rí nawọ́ sókè. Ẹnì kan ṣoṣo ló nawọ́, Èkó ló sì ti rí i. Mo ní, "Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ìpínlẹ̀ wa yìí ní òkun tirẹ̀?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà ni. Ọmọbìnrin kan nínú wọn sì ka orúkọ òkun márààrún tó wà láyé fún mi, láti orí èyí tó tóbi jù dé orí èyí tó kéré jù, kò ṣì í. Ó mọ òkun tó wà lẹ́yìn Jàpáánù. Kò mọ èyí tó wà ní Ìlàjẹ.

Àwọn àgbà ní, ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Tiwa ti burú ju ìyẹn lọ. Àwọn ọmọ tiwa kò dé oko bàbá ara wọn.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí aládùúgbò mi kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi wí. Ohun mẹ́ta ló sọ. Èkíní, ó ní ìdánwò ń bọ̀, ọmọ tí kò bá lọ lesson yóò rẹ̀yìn. Èkejì, ó ní àwọn ajínigbé wà nínú igbó. Ẹ̀kẹta, ó ní kí ènìyàn wọ igbó láì lọ ṣoko, láì lọ ṣọdẹ, láì lọ já ewé, eré òyìnbó ni, kì í ṣe ti Yorùbá. N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ, kí n bọ̀. Ìdáhùn mi nìyí.

N kò ní purọ́ fún yín pé ẹsẹ̀ la fi rìn láti Àkúrẹ́ dé òkun. Ọkọ̀ la wọ̀ lójú títì, ẹsẹ̀ la fi rin inú igbó, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì la sì wọ̀ lójú omi. Ọjọ́ márùn-ún la lò lálọ lábọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ ni, ìgbà tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí i pé Olódùmarè fúnra rẹ̀ ló fún wa ní ọlidé náà.

Ìdànrè la kọ́kọ́ yà sí. Àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta la gùn kí a tó dé òkè. Orí òkè náà làwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni òkè yìí ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà wọlé bí ogún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè ni mo fẹ́ kí ọmọ mi wò. Mo ní kó kọjú sí ìsàlẹ̀. Ó wo igbó títí, ó ní, "Dádì, igbó yìí ti lu." Òótọ́ ni. Ó lu bí aṣọ tí kòkòrò jẹ.

Láti ibẹ̀ la gba ọ̀nà Oǹdó, a sun ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń ṣe kòkó, tó sì jẹ́ ọdẹ láti kékeré. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Bàbá ti wọ bàtà òjò, ó ti mú àdá. Ó pe ọdẹ mìíràn mọ́ra, ó ránṣẹ́ sí baálẹ̀ abúlé tí a ó gbà kọjá. Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá." Bàbá ní, "Káàárọ̀, ọkọ mi. Ẹsẹ̀ rẹ yóò mọ ilẹ̀ lónìí."

A rìn láàárín kòkó fún bí wákàtí kan kí a tó dé ibi tí igbó ti ṣú díẹ̀. Bàbá dúró, ó na àdá sí igi kan, ó bi ọmọ mi pé, "Igi wo nìyí?"

Ọmọ mi wo igi náà, ó wò mí, ó ní, "Igi ni, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ ńkọ́, akọ̀wé?"

Ojú tì mí. Nínú igi márùn-ún tó nawọ́ sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, méjì ni mo mọ̀. Èmi tí mo ti ń kọ ìwé ìròyìn fún ọdún mọ́kàndínlógún, tí mo ti kọ̀ nípa ọba, nípa ìbò àti nípa iná mànàmáná, n kò mọ igi tó wà níwájú ilé ìyá mi. Bàbá ló wá ń sọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Arère rèé, igi rẹ̀ fúyẹ́, ó sì funfun; òun ni ẹ fi ń ṣe àjà ilé. Ọ̀gànwó rèé, èèpo rẹ̀ ni ìyá rẹ máa ń sè ní àgbo. Ọmọ rèé, òun ni àwọn agbẹ́lù ń gbẹ́. Apá rèé, àwọn àgbà kì í dúró lábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ewé rèé, tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín kí ọ̀rá tó gba ipò rẹ̀. Ọmọ mi tẹ̀ lé e bí ẹni tí wọ́n ń ka àlọ́ fún. Kò béèrè fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tó yá, a dé ibi kùkùté kan. Bàbá ní ọ̀gànwó ni, àwọn bàbá tirẹ̀ ló bá a níbẹ̀. Ó ní ojú òun ni wọ́n ṣe gé e, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ẹ̀rọ ayùn, ọkọ̀ sì wá gbé e lóru. Ọmọ mi nà gbalaja lórí kùkùté náà. Orí rẹ̀ kò yọ síta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yọ síta. A dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà la ti gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ayùn láti ọ̀ọ́kán, ó ń ké bí ẹranko. Bàbá ní, "Bó ṣe ń ké lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ará ìgboro ni ẹ kì í gbọ́."

Òótọ́ ló sọ. Àwa ará ìgboro kì í gbọ́ ẹ̀rọ ayùn, pákó nìkan la máa ń rí. Ilẹ̀kùn wa, bẹ́ẹ̀dì wa, òrùlé wa, inú igbó yìí ni gbogbo rẹ̀ ti wá, a kò sì béèrè rí pé ta ló gbin òmíràn dípò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkó. Lọ́dún 2024, owó kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, inú gbogbo wa dùn, ọ̀pọ̀ sì gbé àdá wọ inú igbó ọba lọ dáko tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń ra kòkó náà ti ṣe òfin lọ́dún 2023 pé àwọn kò ní ra kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2020 wá. Wọ́n ti ń sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú, òótọ́ ni. Ẹni tí wọ́n sún ọjọ́ gbèsè rẹ̀ síwájú kò tíì san gbèsè.

Òkè-Igbó kò jìnnà sí ibi tí a wà yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Olóyè D. O. Fágúnwà lọ́dún 1903, ẹni tó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde lọ́dún 1938. A ka ìwé náà ní ilé-ìwé, a fi yege ìdánwò. Ta ni nínú àwa tí a kà á ló bèèrè pé igbó tí ọkùnrin yìí gbójú wò kó tó lè kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, báwo ló ti rí lónìí? Bí Àkàrà-ògùn bá tún dìde lọ ṣọdẹ, àwọn agégi ni yóò pàdé níbẹ̀, kì í ṣe iwin.

Lọ́jọ́ kẹta, a sọ̀ kalẹ̀ síhà Odígbó àti Ọ̀rẹ̀, a ya wo igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Olúwà. Ìhà ibì kan dùn-ún wò: igi tò ní ìlà bí ọmọ ilé-ìwé ní àárọ̀. Ọmọ mi ní, "Èyí mà dára o!" Mo sọ fún un pé igi meláínà ni, wọ́n gbìn ín ni. Nínú igbó yìí àti nínú Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn tó bá a pààlà, wọ́n pa igbó àdáyébá, wọ́n gbin meláínà, kí ilé-iṣẹ́ bébà tó wà ní Ìwópìn lè máa fi ṣe bébà fún gbogbo Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ náà kò ṣe bébà tí a retí. Igbó àdáyébá lọ, bébà kò dé. Bébà tí wọ́n tẹ àwọn ìwé ìròyìn wa sí, láti ìlú òkèèrè la ti ń rà á. Èmi tí mo ń jẹun nídìí bébà, mo dúró láàárín igi bébà, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ fún ọmọ mi. Ó wá béèrè pé, "Erin ńkọ́?" Mo ní erin ṣì wà nínú Igbó Ọmọ lọ́hùn-ún, díẹ̀ ló kù. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sì ti rí i pé inàkí ṣì wà ní àwọn igbó apá ibí yìí. Ó ní, "Ṣé kí n tètè dàgbà ni?"

A kọjá Ọ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró lọ́dún 1967. A kọjá Òkìtìpupa, a dé Igbókòdá. Ibẹ̀ ni ojú títì fi wá lé omi lọ́wọ́. A wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, a wọ ẹ̀wù ìdáàbòbò, a sì gba ojú odò lọ sí Ayétòrò.

Ẹ̀yin tí ẹ kò dé Ayétòrò rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìlú náà jẹ́. Lọ́dún 1947 ni àwọn Ìlàjẹ kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ aládùúrà tẹ̀ ẹ́ dó sí etí òkun. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, àpò kan ni owó gbogbo wọn ń wọ̀. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n kọ́ ilé-ìwé fúnra wọn, iná mànàmáná sì ti ń tàn níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àwọn òyìnbó wá láti òkèèrè láti wá wò ó, wọ́n kọ ìwé lé e lórí.

Lónìí òkun ń jẹ ìlú náà. Ẹrọ̀fọ̀ ni etí òkun wa lápá ibẹ̀, kì í ṣe iyanrìn líle, ilẹ̀ ń rì, omi òkun gbogbo ayé sì ń ga sí i. Ilé ìwòsàn ti lọ sínú omi. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ti lọ, àti itẹ́ òkú pàápàá. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ìjọba ti ń gbé iṣẹ́ ìdínà òkun fún kọngilá lórí ìwé. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ fojú wá a.

Ìyá kan tó ń yan ẹja ló gbà wá lálejò. Ó fún ọmọ mi ní ẹja, ó na ọwọ́ sí ojú omi, níbi tí ìgbì ti ń fọ́, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni ilé-ìdáná mi wà. Èyí tí mo wà nínú rẹ̀ báyìí ni ilé kẹta."

Ọmọ mi wo ibi tó nawọ́ sí. Omi lásán ni. Ó ní, "Ìyá, bí ó bá tún dé ibi yìí ńkọ́, ibo lẹ máa lọ?"

Ìyá náà kò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin ará òkè ni kí ẹ sọ fún wa. Ọ̀dọ̀ yín ni ìjọba wà."

Gbólóhùn yìí ni mo gbé bọ̀ wálé, òun náà ló sì mú mi kọ ìwé yìí. Ọ̀dọ̀ wa ni ìjọba wà. Àkúrẹ́ ni ọ́fíìsì wà, láti ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé tí agégi fi ń wọ igbó ọba. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ Ayétòrò. Ẹni tó ń fọwọ́ sí i, ọmọ ta ni? Ọmọ tí wọ́n tì mọ́ kíláàsì ní oṣù kẹjọ ni, tí kò rí kùkùté ọ̀gànwó rí, tí kò bá ìyá tó ń yan ẹja jókòó rí. Lójú rẹ̀, igbó jẹ́ àwọ̀ ewé lára máàpù, òkun jẹ́ àwọ̀ búlúù. Báwo ni yóò ṣe dùn ún? Ayùn ń jẹ wá láti òkè, òkun ń jẹ wá láti ìsàlẹ̀, àwa tí a wà láàárín sì ń san owó lesson.

Ẹ jẹ́ kí n wá dá Tíṣà lóhùn.

Lórí ìdánwò: n kò sọ pé kí ọmọ má kàwé. Ìwé ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi ń kàwé lọ́dún; bí gbogbo ìyẹn kò bá tó, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni yóò tó o. Ọmọ mi ti kọ ìtumọ̀ pípa igbó run sínú ìdánwò, wọ́n fún un ní máàkì tó pé. Ó gba máàkì tó pé lórí ikú arère, kò sì mọ arère. Ṣé ìmọ̀ nìyẹn?

Lórí àwọn ajínigbé: n kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn níbẹ̀. Gbogbo wa la rántí oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí Gómìnà Akérédolú, tó ti dolóògbé báyìí, pàṣẹ pé kí àwọn darandaran tó wà nínú àwọn igbó ọba láìgba ìwé kúrò níbẹ̀ láàárín ọjọ́ méje. Gbogbo wa la mọ̀dí tí wọ́n fi dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ lọ́dún 2020. Ìdí rẹ̀ ni èmi náà kò fi wọ igbó láìmú ọdẹ dání, tí n kò rìn lóru, tí n kò sì kọjá ibi tí baálẹ̀ ní kí a dé. Bí ilẹ̀ ibì kan bá gbóná, kí ènìyàn má dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: báwo ni àlejò burúkú ṣe ráyè nínú igbó wa? Àwa ni a kọ́kọ́ fi í sílẹ̀. Nígbà tí ọdẹ ń rìn ín, tí àwọn tó ń já ewé ń rìn ín, tí ọmọdé ń bá bàbá rẹ̀ rìn ín, kò sí ẹsẹ̀ àjèjì tí wọn kò ní rí lórí ilẹ̀. Ilé tí onílé kò gbé, ejò ni í gbé e. Ẹni tó ń bẹ̀rù ejò kò ní tìtorí rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ fún un.

Lórí pé eré òyìnbó ni: níbi yìí ni Tíṣà ti ṣì í jù. Ọ̀nà tí èmi àti ọmọ mi gbà, kì í ṣe àwa la là á. Ní nǹkan bí ọdún 1872, Glover tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà là á kí ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ láti etí ọ̀sà, gba inú igbó ilẹ̀ Ìkálẹ̀, dé Oǹdó, kó sì já sí Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, nítorí pé ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá máa ń dí. Ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n ń pè é. Ẹsẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa fi ń rìn ín. Iyọ̀ àti aṣọ ń gbà á gòkè, epo ń gbà á sọ̀ kalẹ̀. Nígbà ogun Kírìjì, láàárín ọdún 1877 sí 1886, ọ̀nà yìí ni ìbọn ńlá tí àwọn Èkìtìparapọ̀ fi kojú Ìbàdàn gbà wá láti Èkó. Ẹ wá ń sọ pé ìrìn láti igbó dé òkun jẹ́ ti òyìnbó! Ogún wa ni. Àwa la gbàgbé ibi tí a gbé e sí. Àìrìn jìnnà kúkú ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń fẹ́ rèé, mo sì fẹ́ kí gbogbo wa jọ bá wọn fà á.

Kí gbogbo ilé-ìwé girama tó wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ti ìjọba àti ti aládàáni, yọ ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú oṣù kẹjọ, kí wọ́n kó àwọn ọmọ wọ igbó tó lálàáfíà, kí wọ́n sì mú wọn dé etí òkun. Kí ọdẹ àti òṣìṣẹ́ igbó ọba jẹ́ olùkọ́ wọn lọ́sẹ̀ náà, kí wọ́n sì sanwó fún ọdẹ bí wọ́n ti ń sanwó fún tíṣà. Kí ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti gé igi kan kọ́kọ́ fi èyí tó ti gbìn hàn. Kí iṣẹ́ ìdínà òkun Ayétòrò kúrò lórí ìwé. Ẹ̀yin òbí, bí ìjọba kò bá ṣe é, ẹ̀yin ẹ ṣe é. Owó tí mo ná lọ́jọ́ márùn-ún kò tó owó tí wọ́n kọ sínú ìwé pélébé yẹn.

Nígbà tí a dé, Tíṣà wá kí wa kú àbọ̀. Ó bi ọmọ mi pé kí ló rí. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò dákẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó dé orí ìyá tó ń yan ẹja, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Tíṣà, wọ́n ní kí a sọ fún wọn ibi tí wọ́n máa lọ. Kí ni ká sọ?"

Tíṣà kò fèsì. Ó jókòó pẹ́, ó dìde, ó ní ó dàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló tó padà wá. Kò mẹ́nu ba ìdánwò. Ó kàn béèrè pé bí a bá tún ń lọ lóṣù kẹjọ tó ń bọ̀, ṣé a lè mú àwọn ọmọ-ọmọ òun méjì dání, kí òun náà sì bá wa dé Oǹdó ó kéré tán, nítorí orúnkún.

Àwọn ọmọ mẹ́jọ tó kù nínú ọgbà wa ti forúkọ sílẹ̀. Bàbá ọdẹ ti gbọ́, ó ní kí gbogbo wọn wá pẹ̀lú bàtà òjò. Ẹ̀yin ńkọ́? Oṣù kẹjọ kò ní pẹ́ dé, ìwé pélébé yóò sì tún dé ọwọ́ yín. Kí ẹ tó san owó rẹ̀, ẹ pe ọmọ yín sẹ́nu ọ̀nà, ẹ na ọwọ́ sí igi tó bá wà níbẹ̀, kí ẹ bi í pé igi wo nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi ara yín.